Ṣé Òótọ́ Ni Pé Ẹni Tí Ibà Ń Ṣe Ò Gbọ́dọ̀ Jẹ Epo?

Ọ̀rọ̀ kan wà tí a máa ń gbọ́ nínú ọ̀pọ̀ ilé. Bí ara ọmọ bá ti gbóná, tí wọ́n ní palù ni, ìyá àgbà á sọ pé: "Ẹ má fún un lépo o, epo ló ń fa ibà." Wọn á po ẹ̀kọ lásán fún un, wọn á fi omi gbé oògùn lé e. Àwọn àgbà ò fi ọ̀rọ̀ yìí ṣe ibi. Inú ẹni tí ibà mú máa ń rú, òórùn epo nìkan lè mú un bì. Ṣùgbọ́n ẹ̀fọn ló ń gbé ibà wá, kì í ṣe epo, kì í sì ṣe oòrùn. Oògùn tí wọ́n ń fún wa nílé ìwòsàn lónìí gan-an, epo ló ń fẹ́. Kí ìdí rẹ̀ tó lè yé wa, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo kòkòrò ibà fúnra rẹ̀.

Èyí tó wọ́pọ̀ jù lọ́dọ̀ wa ni Plasmodium falciparum. Ó kéré débi pé inú hóró ẹ̀jẹ̀ pupa kan ṣoṣo ló ń gbé. Omi ló sì pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀. Kí ló dé tí ohun kékeré báyìí ò yòrò sínú omi bí iyọ̀? Awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan ló bò ó, ọ̀rá sì ni ohun tó pọ̀ nínú awọ náà. Ọ̀kọ̀ọ̀kan èérún ọ̀rá yìí ní orí kan àti ìrù méjì. Orí rẹ̀, tí fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì wà nínú rẹ̀, fẹ́ràn omi. Ìrù méjèèjì ń sá fún omi bí epo pupa ṣe ń léfòó lórí ọbẹ̀ tí ò tíì jinná. Nítorí náà, ìpele méjì ni wọ́n to ara wọn sí: àwọn ìrù fara pamọ́ sáàárín, àwọn orí kọjú sí omi tó wà níta àti èyí tó wà nínú. Bí a bá to 20,000 irú awọ bẹ́ẹ̀ léra, wọn ò fi bẹ́ẹ̀ nípọn ju ewé ìwé kan lọ. Àwọ̀n awọ tiwa náà, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe rí.

Hóró ẹ̀jẹ̀ pupa ò lè ṣe ọ̀rá tuntun fúnra rẹ̀. Ó dà bí ilé tí ò ní ilé ìdáná. Kòkòrò kan ṣoṣo tó bá wọ inú rẹ̀, kó tó pé wákàtí 48, ó ti di nǹkan bí 16 sí 32. Gbogbo àwọn ọmọ yìí ló gbọ́dọ̀ ní awọ tiwọn. Níbo ni ọ̀rá yẹn ti fẹ́ wá? Lára wa ni. Phosphatidylcholine ni wọ́n ń pe irú ọ̀rá tó tó bí ìdajì nínú awọ kòkòrò náà, choline tó sì wà ní orí ọ̀rá yìí, inú ẹ̀jẹ̀ wa ló ti ń fà á. Cholesterol tí àwọn dókítà fi ń dẹ́rù bà wá nítorí ọkàn, kò tiẹ̀ mọ̀ ọ́n ṣe rárá, tiwa ló ń jí. Olè pátápátá ni.

Ẹnì kan á wá ní: "Ẹ ò rí i báyìí? Bó bá jẹ́ ọ̀rá wa ló fi ń dáṣọ, ká má jẹ epo, ebi á pa á kú." Ọ̀rọ̀ ọlọ́gbọ́n ni, mi ò fi rẹ́rìn-ín. Àmọ́ kò sígbà tí ẹ̀jẹ̀ ò ní ọ̀rá. Bí èèyàn bá gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta, ara rẹ̀ á máa yọ́ ọ̀rá tó ti kó pamọ́ sínú ẹ̀jẹ̀. Ìwọ̀nba tí kòkòrò ń fẹ́ ò tó nǹkan nínú èyí tó ń ṣàn kọjá lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Ọmọ tẹ́ ẹ fi epo dù ni ebi máa pa, kòkòrò á ti yó ní tirẹ̀.

Kí ló wá ń mú ara gbóná? Ọ̀rá náà tún lọ́wọ́ sí i. Ẹ mọ bí a ṣe ń so ewúrẹ́ mọ́ èèkàn. Kòkòrò ibà ní àwọn èèkàn tí wọ́n ń pè ní GPI. Ìsàlẹ̀ èèkàn náà jẹ́ ọ̀rá, ó rì sínú awọ. Okùn rẹ̀ jẹ́ ṣúgà. Prótéènì sì ni ewúrẹ́ tí wọ́n so mọ́ ọn. (Kòkòrò àìsàn oorun tí eṣinṣin tsétsé ń gbé kiri náà ní in, òun ló fi so ẹ̀wù tó ń fi tan ara wa jẹ.) Nígbà tí hóró ẹ̀jẹ̀ bá bẹ́, tí àwọn ọmọ kòkòrò tú jáde, àwọn èèkàn yìí náà á tú sínú ẹ̀jẹ̀. Bí àwọn ọmọ ogun ara wa bá ti rí wọn, wọ́n á pariwo, ariwo yẹn ló ń di òtútù, ìgbọ̀nrìrì àti ara gbígbóná.

Ẹ jẹ́ ká wá bọ́ sórí oògùn. Èyí tí wọ́n ń fún wa fún palù tí ò tíì le, artemether àti lumefantrine ni wọ́n pa pọ̀. Coartem ni ọ̀pọ̀ ń pè é. Artemether ń yára, ó ń pa púpọ̀ nínú wọn láàárín wákàtí díẹ̀, ó sì ń tètè kúrò lára. Lumefantrine ló ń dúró fún ọjọ́ mélòó kan láti ṣa àwọn tó kù. Gẹ́gẹ́ bí àwọn onímọ̀ ṣe gbà á, ohun tó ń ṣe nìyí: kòkòrò ń jẹ ohun pupa inú ẹ̀jẹ̀ wa, ìdọ̀tí kan tó ń jẹ́ heme sì máa ń ṣẹ́ kù. Májèlé ni ìdọ̀tí yìí fún awọ ọlọ́ràá, ó ń já a. Kòkòrò máa ń sọ ọ́ di òkúta wẹ́wẹ́ kó má bàa pa á. Lumefantrine ò ní jẹ́ kó rí i ṣe, ìdọ̀tí tirẹ̀ á sì bá awọ rẹ̀ jẹ́.

Ṣùgbọ́n lumefantrine ò gbọ́ ti omi, inú ọ̀rá ló ti ń yòrò. Bí oúnjẹ ọlọ́ràá bá wọ inú, òróòro á tú jáde láti fọ́ ọ̀rá náà sí wẹ́wẹ́, oògùn á sì bá a wọ ẹ̀jẹ̀. Nígbà tí wọ́n dán an wò lára àwọn tí ara wọn le, èyí tó wọ ẹ̀jẹ̀ àwọn tó jẹun ọlọ́ràá fi ìlọ́po 16 ju ti àwọn tí ò jẹun lọ. Ẹ gbọ́ iye yẹn dáadáa. Ẹni tó fi omi lásán lò ó ti ra oògùn, ó sì ti gbé e mì, àmọ́ ìgbẹ́ ló máa bá èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ lọ. Ibà á lọ fún ọjọ́ díẹ̀, á padà, wọ́n á ní ayédèrú loògùn.

Kì í ṣe pé kẹ́ ẹ máa da epo sọ́mọ lẹ́nu o. Díẹ̀ ti tó: ọbẹ̀ ẹ̀pà pẹ̀lú àmàlà, àkàrà kan, wàrà àwọn Fúlàní, òrí díẹ̀ nínú ọbẹ̀, tàbí wàrà tútù. Ọmọ ọwọ́, ọmú ìyá rẹ̀ ti ní ọ̀rá nínú. Ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wò. Bó bá jẹ́ palù, ìgbà 6 ni wọ́n ń lò ó láàárín ọjọ́ 3: èyí àkọ́kọ́ lójú ẹsẹ̀, ìkejì lẹ́yìn wákàtí 8, lẹ́yìn náà láàárọ̀ àti lálẹ́ fún ọjọ́ 2. Bí ọmọ bá bì í kó tó pé wákàtí kan, ẹ tún òmíràn fún un, kẹ́ ẹ sì padà sílé ìwòsàn lọ gba èyí tó máa dí i.

Bí gìrì bá mú ọmọ, bí kò bá lè mumi tàbí mú ọmú, bí gbogbo ohun tó jẹ bá ń padà jáde, tàbí tó sùn tí kò ṣeé jí, ọ̀rọ̀ epo ti kọjá. Ẹ gbé e lọ sọ́sípítù lójú ẹsẹ̀, ì báà jẹ́ òru. Abẹ́rẹ́ artesunate ni wọ́n máa gún un, ìyẹn ò wá oúnjẹ. Ìgbà tó bá tó lè gbé nǹkan mì ni wọ́n á tó fún un ní oògùn ọjọ́ 3 yẹn, kẹ́ ẹ sì rí i pé ó jẹ nǹkan ọlọ́ràá sí i.