Ẹ JẸ́ KÁ MỌ̀: Bí a ṣe ń fi ọ̀dà olómi ya lékèélékèé

Bí màlúù bá ń jẹko lẹ́bàá Ayétẹ̀ n'Ìbàràpá, lékèélékèé á máa tẹ̀ lé wọn, wọ́n á máa ṣa tata jẹ. Báwo lẹ ṣe máa ya ẹyẹ funfun báyẹn sórí bébà funfun? Ẹ má kùn ún rárá! Ọ̀dà olómi kì í bo bébà mọ́lẹ̀. Koríko àyíká rẹ̀ ni kẹ́ ẹ kùn. Ibi tẹ́ ẹ fi sílẹ̀ ló máa di ẹyẹ. Ẹ bu omi la àwọ̀ aró, kẹ́ ẹ rọra fà á sábẹ́ apá. Ẹ fi àwọ̀ ìyeyè kun ẹnu rẹ̀. Lásìkò ọyẹ́, ẹ kọ́kọ́ fi omi rin bébà, torí ọ̀dà ń tètè gbẹ. Ọ̀dà yìí náà ni ayàwòrán Aina Onabolu fi ya Ìyáàfin Spencer Savage l'Ékòó ní 1906. Ẹyẹ oko Ìbàràpá ló kàn.