Kí ẹ tó ra fíríìjì tí ẹ máa gbé lọ sí abúlé, ẹ kọ́kọ́ ṣe ìṣirò yìí

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Ọ̀rọ̀ yìí ló yẹ kó wà lọ́kàn ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ ra ẹ̀rọ tí yóò máa mú nǹkan rẹ̀ tutù nígbà tó bá lọ lo ọjọ́ mélòó kan lóko, nítorí ẹlòmíràn a náwó nára lórí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, kò sì ní í pé oṣù méjì tí yóò fi sọ ọ́ di àpótí aṣọ.

Gbogbo ẹni tó bá mọ Ìbàdàn dáadáa ló mọ̀ pé ilé méjì ni ọ̀pọ̀ ọmọ Ìbàdàn ní, èyí tó wà nígboro àti èyí tó wà lábúlé. Ẹni tí ilé bàbá rẹ̀ wà ní Ọjẹ́ tàbí ní Bẹẹrẹ lè ní abúlé lọ́nà Lálúpọn ní ìjọba ìbílẹ̀ Lágelú, lọ́nà Ẹ̀rúnmu ní Ẹgbẹ́dá, lọ́nà Àkànràn ní Ọ̀nà-Àrà, tàbí lọ́nà Ìròkò ní Akínyẹlé. Bí àsìkò iṣẹ́ bá dé, ìbáà jẹ́ ti gbígbin àgbàdo tàbí ti kíká kòkó, ẹlòmíràn a lọ síbẹ̀, kò sì ní í padà sígboro fún ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta.

Láyé àtijọ́, kò sí ẹni tó ń ronú nípa nǹkan tútù lóko. Ẹja yíyan, ẹran gbígbẹ, gàrí, ẹ̀lùbọ́ àti ẹ̀fọ́ tí wọ́n já lẹ́yìnkùlé ni wọ́n ń jẹ. Bí ọbẹ̀ bá kù, wọ́n á gbé e kaná láàárọ̀, wọ́n á tún gbé e kaná lálẹ́. Ṣùgbọ́n nǹkan ti yí padà báyìí. Bàbá tó ní àrùn àtọ̀gbẹ, tó ń gún abẹ́rẹ́ insulin lójoojúmọ́, kò lè lọ sóko láìronú ibi tí yóò fi oògùn rẹ̀ sí. Ẹni tó ń sin adìyẹ gbọ́dọ̀ ní ibi tútù tí yóò tọ́jú oògùn àjẹsára wọn sí. Àwọn tó ń fi ọkọ̀ ojú omi pẹja ní adágún Aṣejirẹ náà mọ̀ pé epìyà tí wọ́n pa ní ìdájí kò ní í dúró de ọjà ìrọ̀lẹ́ bí oòrùn bá mú. A ti rí àgbàlagbà tó pa oko rẹ̀ tì nítorí ọ̀rọ̀ oògùn nìkan, bẹ́ẹ̀ ó ṣeé yanjú bí èèyàn bá mọ ohun tó yẹ kó rà.

Ohun àkọ́kọ́ tó yẹ ká béèrè kì í ṣe iye tí wọ́n ń ta fíríìjì ní Dùgbẹ̀ tàbí ní Ògùnpa. Ìbéèrè mẹ́ta ló wà níbẹ̀: kí ni mo fẹ́ mú tutù, ọjọ́ mélòó ni mo fẹ́ lò, níbo sì ni agbára tí yóò máa mú un tutù yóò ti wá?

Kì í ṣe gbogbo ohun tí à ń kó sínú fíríìjì nígboro ló nílò rẹ̀. Iṣu, àlùbọ́sà àti ọsàn lè wà níta. Kódà, òtútù máa ń ba ọ̀gẹ̀dẹ̀ jẹ́ ni, tòmátò tí kò tíì pọ́n kì í sì í pọ́n dáadáa mọ́ bó bá ti wọ inú fíríìjì. Ẹran àti ẹja tútù, ọbẹ̀ tí a ti sè, wàrà àti oògùn ni òtútù wà fún. Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, kìlọ̀ pé oúnjẹ tí a ti sè kò gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀ lásán ju wákàtí méjì lọ, àti pé ibi tí kò gbóná ju 5°C lọ ló yẹ ká tọ́jú rẹ̀ sí, nítorí pé láàárín 5°C sí 60°C ni àwọn kòkòrò àìfojúrí ti ń yára pọ̀ sí i. Ìtumọ̀ èyí ni pé ẹ̀rọ tí kò bá lè dé 5°C kò ṣeé fi ẹran sí, bó ti wù kó lẹ́wà tó.

Ní ti insulin, àárín 2°C sí 8°C ni wọ́n ń tọ́jú èyí tí wọn kò tíì ṣí sí. Èyí tí wọ́n bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í lò, ọ̀pọ̀ nínú wọn lè wà níta fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin bí ibẹ̀ kò bá gbóná ju ohun tí ìwé inú páálí rẹ̀ sọ lọ, ó sì sábà máa ń jẹ́ 25°C tàbí 30°C. Lọ́dún 2021, àwọn oníṣègùn Médecins Sans Frontières àti Yunifásítì Geneva gbé ìwádìí kan jáde tó fi hàn pé àwọn insulin tí wọ́n yẹ̀ wò kò pàdánù agbára wọn lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin níbi tí ooru ti ń lọ sókè sódò láàárín 25°C sí 37°C. Èyí kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni da ìlànà dókítà rẹ̀ nù. Ohun tó ń sọ ni pé aláìsàn tó ń lọ lo ọ̀sẹ̀ méjì lóko lè bá dókítà rẹ̀ jókòó, kí wọ́n jọ ṣètò rẹ̀, dípò kó pa oko rẹ̀ tì. Ohun kan ni kò gbọ́dọ̀ ṣẹlẹ̀: insulin kò gbọ́dọ̀ dì. Bó bá ti dì pẹ́nrẹ́n, kò ṣeé lò mọ́, bó tilẹ̀ padà yọ́. Nítorí náà, ẹ má ṣe jẹ́ kó fara kan áìsì.

Bó bá jẹ́ ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta péré lẹ fẹ́ lò, ẹ má wulẹ̀ ra fíríìjì rárá. Kúlà tí ara rẹ̀ nípọn, tí ìdérí rẹ̀ sì bò ó mọ́lẹ̀ dáadáa, ti tó. Agbára ńlá wà nínú áìsì: ooru tí áìsì kílò kan máa ń gbà kó tó yọ́ tán tó èyí tó lè gbé omi kílò kan láti 0°C dé 80°C. Ẹ jẹ́ kí kúlà náà sùn pẹ̀lú áìsì díẹ̀ nínú kí ilẹ̀ tó mọ́ tí ẹ máa lọ, kí ara rẹ̀ ti tutù. Ẹ jẹ́ kí áìsì pọ̀ ju ẹrù lọ, kí ẹ sì fi díẹ̀ sórí ẹrù, nítorí pé sísàlẹ̀ ni atẹ́gùn tútù máa ń lọ. Ẹ gbé e síbi òjìji, ẹ má sì máa ṣí i lemọ́lemọ́. Píọ̀ wọ́tà dídì ló tún rọrùn jù, nítorí bó bá yọ́, mímu ni.

Àwọn kan á ní ìkòkò ńkọ́? Òótọ́ ni. Mohammed Bah Abba, olùkọ́ kan ní Ìpínlẹ̀ Jigawa, gba ẹ̀bùn Rolex ti ọdún 2000 nítorí pé ó fi ìkòkò kékeré sínú ńlá, ó fi yanrìn sáàárín wọn, ó ń bomi rin yanrìn náà, ó sì fi aṣọ tútù bò ó lórí. Bí omi náà ṣe ń gbẹ ló ń gbé ooru lọ, ata àti tòmátò a sì pẹ́ nínú rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ṣùgbọ́n ibi tí atẹ́gùn bá ti gbẹ ni iṣẹ́ yìí ti ń yọrí. Jigawa gbẹ, Ìbàdàn kò gbẹ tó bẹ́ẹ̀. Nígbà ọyẹ́, láti oṣù kejìlá sí oṣù kejì, ìkòkò yìí yóò ṣe dáadáa fún ata àti ẹ̀fọ́ lábúlé yín. Nígbà òjò, tí omi kún inú atẹ́gùn, díẹ̀ ni yóò fi tutù ju ojú ọjọ́ lọ. Ní àsìkò yòówù, kò lè dé 5°C, nítorí náà kì í ṣe ibi tí ẹ máa fi ẹran sí.

Bó bá ju ọjọ́ mẹ́ta lọ, ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ dé. Oríṣi mẹ́ta ló wà lọ́jà, ìrísí wọn sì jọra tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tí kò mọ̀ fi lè ra ọ̀kan kó rò pé òun ra òmíràn.

Àkọ́kọ́ ni àpótí kékeré fífúyẹ́ tí wọ́n máa ń pè ní fíríìjì inú mọ́tò. Kò ní kọ̀ńpúrẹ́sọ̀. Irin pẹlẹbẹ kan ni iná ń gba inú rẹ̀ kọjá, apá kan á tutù, apá kejì á gbóná. Òun ló sábà máa ń wọ́n níwọ̀nba, òun náà ló sì ń tan àwọn èèyàn jẹ jù. Ìdí ni pé kò lè tutù ju nǹkan bí 15 sí 20 dígíríì lọ sí bí ojú ọjọ́ ṣe rí. Bí abúlé yín bá gbóná dé 34°C lọ́sàn-án, inú rẹ̀ yóò wà láàárín 14°C sí 19°C. Kò dúró rí, tọ̀sán-tòru ló fi ń jẹ iná. Fún ohun mímu, ó dára. Fún ẹran àti ẹja, kò dára.

Èkejì ni èyí tó ń lo gáàsì. Àwọn ọ̀dọ́ ará Sweden méjì, Baltzar von Platen àti Carl Munters, ló gbé e kalẹ̀ lọ́dún 1922, nígbà tí wọ́n ṣì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́. Àwọn àgbà tó dé ilé àwọn mísọ́nnárì tàbí dìsípẹ́ńsárì láyé ọjọ́un yóò rántí ẹ̀yà rẹ̀ tó ń lo kẹrosíìnì. Kì í pariwo, kò sì nílò iná mànàmáná. Ṣùgbọ́n orí ilẹ̀ títẹ́jú ló gbọ́dọ̀ dúró sí, ooru líle máa ń dà á láàmú, iná tó ń jó nídìí rẹ̀ sì lè pa èèyàn bó bá wà nínú yàrá tí fèrèsé rẹ̀ wà ní títì. Ẹ má gbé e sínú yàrá tí ẹ ń sùn, ẹ má sì gbé e sínú ọkọ̀ ojú omi.

Ẹ̀kẹta ni èyí tó ní kọ̀ńpúrẹ́sọ̀, tó ń lo bátìrì 12 fóòtì. Òun nìkan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló lè mú ẹja dì ní Àkànràn nínú oṣù kẹta, kì í sì í jẹ iná púpọ̀. Òun ló wọ́n jù. Owó rẹ̀ nìkan kọ́ sì ni ìnáwó, owó agbára tí yóò gbé e ló yẹ kí ẹ ṣírò.

Ẹ jẹ́ ká ṣe é pa pọ̀. Ká ní fíríìjì lítà 45 ń jẹ wáàtì 45 nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́, tó sì ń ṣiṣẹ́ fún wákàtí méjìlá nínú mẹ́rìnlélógún nítorí ooru. 45 lọ́nà 12 jẹ́ 540, ìyẹn ni iye wáàtì-wákàtí tó ń jẹ lójúmọ́. Bátìrì 12 fóòtì tí wọ́n kọ 100 sí lára ní 1,200 nínú, ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ bátìrì olómi tàbí irú rẹ̀, ìdajì péré ló yẹ kí èèyàn lò kó má baà tètè kú. Ó ku 600, ìyẹn ọjọ́ kan gééré. Bátìrì mọ́tò lásán kò ní í gbà á rárá, nítorí àtiṣáná ni wọ́n ṣe é fún.

Ó wá kan páànẹ́lì sólà. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, páànẹ́lì 200 wáàtì lè tó. Ṣùgbọ́n nínú oṣù keje àti ìkẹjọ, tí ìkùukùu bo Ìbàdàn, ká ṣe é bí ẹni pé wákàtí mẹ́ta gidi péré ni oòrùn ń fún wa. 200 lọ́nà mẹ́ta jẹ́ 600, bí a bá yọ ìdá kan nínú mẹ́rin tó ń ṣòfò lójú ọ̀nà, ó ku 450. Kò tó 540. Ṣùgbọ́n páànẹ́lì 150 méjì á fún wa ní 675, ìyẹn á tó. Ẹni tó bá fi oòrùn oṣù kìíní ṣírò ló máa ń sọ nínú oṣù kẹjọ pé sólà kò dára. Ẹ so fíríìjì náà mọ́ bátìrì ní tààrà, ẹ má gba orí ínfátà, nítorí òun náà ń jẹ iná tirẹ̀. Ẹ jẹ́ kí wáyà rẹ̀ nípọn, kó má sì gùn jù.

Ọ̀pọ̀ ló ń rò pé jẹnẹrétọ̀ kékeré á ṣe é. Ẹ rántí pé láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù nínú oṣù karùn-ún ọdún 2023, owó epo oṣù mélòó kan lè ra páànẹ́lì.

Bí ẹ bá dé ìsọ̀, ẹ wo bébà tó wà lára ẹ̀rọ náà. Bí ẹ bá rí lẹ́tà T níbi tí wọ́n kọ irú ojú ọjọ́ tó wà fún sí, a jẹ́ pé wọ́n ṣe é fún ilẹ̀ gbígbóná dé 43°C. Èyí tó jẹ́ N, 32°C ló mọ. Ẹ yan èyí tó ń ṣí láti òkè, nítorí òtútù rẹ̀ kì í dà sílẹ̀ bí ẹ bá ṣí i. Ẹ béèrè bóyá ó máa ń pa ara rẹ̀ bí agbára bátìrì bá ti lọ sílẹ̀ jù. Ẹ ṣọ́ra fún tòkunbọ̀: fíríìjì àlòkù àti kọ̀ńpúrẹ́sọ̀ àlòkù wà lára ohun tí àjọ Kọ́sítọ́ọ̀mù kà léèwọ̀ láti kó wọ Nàìjíríà. Bí ẹ bá rí R600a lára rẹ̀, gáàsì tó wà nínú rẹ̀ lè gbiná, nítorí náà ẹ má ṣe fi ọ̀bẹ tàbí ìṣó ha áìsì ara rẹ̀ láé.

Ìmọ̀ràn wa kò pọ̀. Ọjọ́ mẹ́ta sísàlẹ̀, kúlà. Ata àti ẹ̀fọ́ nígbà ọyẹ́, ìkòkò. Ọ̀sẹ̀ kan sókè pẹ̀lú ẹran, ẹja tàbí oògùn, ẹ̀rọ oníkọ̀ńpúrẹ́sọ̀ pẹ̀lú sólà tó tó o. Bí agbára ẹnì kan kò bá ká a, ìdílé mẹ́ta tàbí mẹ́rin tó wà ní abúlé kan náà lè dáwó jọ ra ẹyọ kan, bí a ṣe máa ń dáwó gbẹ́ kànga. Bí ẹ bá sì ti rà á tán, ẹ má tíì gbé e lọ. Ẹ ra tẹmọ́mítà kékeré kan sínú rẹ̀, ẹ jẹ́ kó ṣiṣẹ́ nílé nígboro fún ọjọ́ mẹ́ta lórí bátìrì àti sólà rẹ̀ nìkan. Bó bá kùnà ní Ọjẹ́, ẹ lè dá a padà sí ìsọ̀ tí ẹ ti rà á. Bó bá jẹ́ abúlé ló ti kùnà, tí oògùn bàbá yín wà nínú rẹ̀, ọ̀rọ̀ ti kọjá owó nìyẹn.