Bí Ínsúlíìnì Bá Dà Bí Ẹni Pé Kò Ṣiṣẹ́

Lára àwọn tí ń ṣiṣẹ́ ní àwọn ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ ní Ọ̀tà àti Sàngó, a rí àwọn tí àrùn àtọ̀gbẹ ń bá jà, tí wọn kò sì gbọdọ̀ pa abẹ́rẹ́ ínsúlíìnì jẹ ní ọjọ́ kan. Nígbà mìíràn, ẹni bẹ́ẹ̀ a gba abẹ́rẹ́ rẹ̀ tán, síbẹ̀ ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò ní wálẹ̀. Ẹlòmíràn a ní oògùn náà kò bá ara òun mu, a sì pa á tì. Ewu ńlá ni èyí.

Ní oṣù Kìíní ọdún 1922, ní Toronto ní ilẹ̀ Kánádà, ni a kọ́kọ́ fún aláìsàn kan tí ń jẹ́ Leonard Thompson ní ínsúlíìnì. Abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́ kò ràn án lọ́wọ́ tó, nítorí pé oògùn náà kò mọ́. Àwọn dókítà kò torí èyí jáwọ́. Wọ́n sẹ́ ẹ mọ́, wọ́n tún fún un ní ọjọ́ 12 lẹ́yìn náà, ṣúgà rẹ̀ sì wálẹ̀. Nítorí náà, kí a tó dá oògùn lẹ́bi, ẹ jẹ́ kí a yẹ nǹkan mẹ́ta wò.

Èkíní ni ìtọ́jú oògùn náà. Ooru a máa ba ínsúlíìnì jẹ́. Ẹ má ṣe fi í sílẹ̀ nínú ọkọ̀ tí oòrùn ń pa, tàbí sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ gbígbóná. Inú fíríìjì ni ààyè èyí tí a kò tíì ṣí, ṣùgbọ́n bí ó bá dì, ẹ dà á nù. Igo tí a ń lò lọ́wọ́ lè wà ní ibi tútù níta fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 4. Bí kò bá sí iná mànàmáná, ẹ gbé ìkòkò amọ̀ kékeré sínú ńlá, kí ẹ kó yanrìn tí a rin lómi sí àárín wọn. Ẹ fi ọ̀rá wé igo náà, ẹ gbé e sínú èyí kékeré, kí ẹ sì fi aṣọ tútù bò ó. Ọgbọ́n àmù àwọn baba wa náà ni.

Èkejì ni abẹ́rẹ́ àti sírínjì. Abẹ́rẹ́ tí ó ti tẹ̀ tàbí tí ó dí kò lè jẹ́ kí oògùn wọlé tán. Bí afẹ́fẹ́ bá wà nínú sírínjì, oògùn kò ní pé.

Ẹ̀kẹta ni ojú ibi tí a ń gún. Bí a bá ń gún ojú kan náà lójoojúmọ́, ẹran ibẹ̀ a wú, a sì le. Oògùn kì í tètè ràn láti ibẹ̀. Ẹ máa pààrọ̀ ojú ibẹ̀ ní ikùn àti itan, kí ẹ sì sọ fún nọ́ọ̀sì, nítorí pé oògùn lè ṣiṣẹ́ jù bí a bá kúrò ní ojú líle.

Ní òkè òkun, àwọn kan ń lo ẹ̀rọ kékeré tí ń gba inú ọpá tẹ́ẹ́rẹ́ rán ínsúlíìnì sí abẹ́ awọ. Bí ọpá náà bá ká tàbí tí ó bá dí, ewu lè dé láàrin wákàtí díẹ̀. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń pààrọ̀ rẹ̀ ní ọjọ́ 2 sí 3, tí wọ́n sì ń fi sírínjì pamọ́ sọ́wọ́.

Ẹ má ṣe dá oògùn ṣe ní ìlọ́po méjì fúnra yín. Bí aláìsàn bá ń bì, tí ó ń mí kíkankíkan, tí èémí rẹ̀ ń rùn bí èso tí ó pọ́n jù, tàbí tí iyè rẹ̀ kò pé mọ́, ẹ gbé e lọ sí Ilé Ìwòsàn Ìjọba ní Ọ̀tà, tàbí èyí tí ó súnmọ́ yín jùlọ. Wàràwàrà ni à á yọ oró iná.