Ẹ̀kọ́ Wo, Yunifásítì Wo? Ọ̀rọ̀ Òbí àti Ọmọ ní Ìkọ̀lé, Ọ̀yẹ́ àti Ìdó

Lọ́dọọdún, nígbà tí àkókò bá tó láti gba fọ́ọ̀mù ìdánwò JAMB, àríyànjiyàn kan a máa wáyé ní ọ̀pọ̀ ilé ní Ìkọ̀lé, Ọ̀yẹ́, Ìdó, Ayédé, Ìfàkì àti Ọ̀tùn. Bàbá a ní dókítà ni òun fẹ́ kí ọmọ òun dà. Ìyá a ní kí ọmọ má ṣe lọ sí ibi tí ó jìnnà. Ẹ̀gbọ́n tí ó ń gbé ní Èkó a ní bí kì í bá ṣe Yunifásítì Èkó, kí ó má wulẹ̀ lọ. Ọmọ tí ọ̀rọ̀ náà kàn gbọ̀ngbọ̀n a sì jókòó láàárín wọn bí àlejò tí kò mọ ohun tí wọ́n ń bá a sọ.

Ọ̀rọ̀ tí ó yẹ kí a fara balẹ̀ gbé yẹ̀wò ni. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ilé tí a bá fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Ọmọ tí ó bá yan ẹ̀kọ́ tí kò bá ìpìlẹ̀ rẹ̀ mu lè jókòó sílé fún ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin, kí ó máa ṣe ìdánwò kan náà lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan lọ́dún, títí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ yóò fi gboyè tán. Òbí tí ó ta oko kòkó tàbí ilẹ̀ nítorí orúkọ yunifásítì kan lè rí i lẹ́yìn ọdún márùn-ún pé ìwé-ẹ̀rí tí ọmọ mú bọ̀ kò ní òǹtẹ̀ ẹgbẹ́ iṣẹ́ tí ó fẹ́ fi ṣe. Owó tí ó bọ́ ṣeé wá padà, ṣùgbọ́n ọdún tí ó ti kọjá kò ṣeé rà lọ́jà.

Ní àtijọ́, ọ̀rọ̀ yíyàn kò pọ̀ tó báyìí. Nígbà tí Ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1955, ti Ìbàdàn, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1948, nìkan ni ibi gíga bẹ́ẹ̀ tí ó wà ní Nàìjíríà. Ní ọdún 1962 ni ti Ifẹ̀ àti ti Èkó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ọmọ Ìkọ̀lé tí ó bá fẹ́ ka ìwé dé ibẹ̀ ní láti di ẹrù rẹ̀, kí ó sì fi ilé sílẹ̀ fún oṣù púpọ̀. Ní ọdún 1982 ni ìjọba Ìpínlẹ̀ Oǹdó ìgbà náà, lábẹ́ Gómìnà Michael Adékúnlé Ajásin, dá yunifásítì sílẹ̀ ní Adó-Èkìtì. Nígbà tí ó di ọdún 2011, ìjọba àpapọ̀ dá Yunifásítì Ìjọba Àpapọ̀ ti Ọ̀yẹ́-Èkìtì sílẹ̀. Ọgbà méjì ni ó ní: ọ̀kan ní Ọ̀yẹ́, èkejì ní Ìkọ̀lé, níbi tí ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ àti ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ wà. Ohun tí àwọn bàbá ń wá lọ sí ọ̀nà jíjìn ti dé ẹnu ọ̀nà àwọn ọmọ.

Dídé tí ó dé ẹnu ọ̀nà yìí ni ó sọ ọ̀rọ̀ náà di ìṣòro mìíràn. Àwọn kan ń fojú tín-ín-rín yunifásítì tí ó wà nítòsí, wọ́n ní kò ní orúkọ bíi ti Ìbàdàn tàbí ti Ifẹ̀. Àwọn mìíràn ń yàn án kìkì nítorí pé ó wà nítòsí, láìbéèrè ohun tí a ń kọ́ níbẹ̀. Àwọn méjèèjì ń fi orúkọ àti ibùdó ṣáájú ohun tí ọmọ fẹ́ lọ kọ́. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀kọ́ ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ yàn, kí a tó yan ilé tí a ó ti kọ́ ọ.

Ìtàn yunifásítì ti Adó fi èyí hàn dáadáa. Nígbà tí a dá a sílẹ̀ ní ọdún 1982, Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ni orúkọ rẹ̀, ṣáájú kí ti Ifẹ̀ tó gba orúkọ náà ní ọdún 1987. Ní ọdún 1985 ó di Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Lẹ́yìn tí a dá Ìpínlẹ̀ Èkìtì sílẹ̀ ní ọdún 1996, ó di Yunifásítì ti Adó-Èkìtì ní ọdún 1999. Ní ọdún 2011, ìjọba ìpínlẹ̀ pa á pọ̀ mọ́ yunifásítì méjì mìíràn, ti Ìkẹ́rẹ́ àti ti sáyẹ́ǹsì tí ó wà ní Ìfàkì, a sì sọ ọ́ di Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkìtì. Orúkọ mẹ́rin ni láàárín ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n. Ẹni tí ó kọ́ ìṣirò owó níbẹ̀ lábẹ́ orúkọ kejì kò tìtorí orúkọ kẹrin gbàgbé ohun tí ó kọ́. Orúkọ ilé-ẹ̀kọ́ a máa yí padà, ìmọ̀ tí ó wà lórí ọmọ kì í bá a yí.

Báwo ni a ṣe ń yan ẹ̀kọ́, nígbà náà? Ibi tí a ti ń bẹ̀rẹ̀ ni ìwé èsì ọmọ fúnra rẹ̀, láti kíláàsì kẹrin ilé-ẹ̀kọ́ girama lọ. Ìdánwò àṣewọlé tí JAMB, àjọ tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1978, ń ṣe ní iṣẹ́ mẹ́rin nínú, àpapọ̀ máàkì rẹ̀ sì jẹ́ 400. Gẹ̀ẹ́sì pọn dandan fún gbogbo ènìyàn. Iṣẹ́ mẹ́ta tí ó kù ni ẹ̀kọ́ tí a yàn ń pinnu. Ẹni tí ó fẹ́ kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn yóò ṣe Bàọ́lọ́jì, Kẹ́místírì àti Físíìsì. Ẹni tí ó fẹ́ kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ yóò ṣe Ìṣirò, Físíìsì àti Kẹ́místírì. Ẹni tí ó fẹ́ kọ́ ìṣirò owó yóò ṣe Ìṣirò àti ìmọ̀ ọrọ̀-ajé pẹ̀lú iṣẹ́ kan sí i. Lítíréṣọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ọmọ tí ó fẹ́ kọ́ òfin yóò fi ṣáájú. Ẹni tí ó bá ṣi iṣẹ́ mú nínú fọ́ọ̀mù lè gba máàkì tí ó pọ̀, kí ilẹ̀kùn sì tì mọ́ ọn.

Lẹ́yìn èyí ni èsì WAEC tàbí NECO. Kírẹ́díìtì márùn-ún ni a ń béèrè fún ọ̀pọ̀ ẹ̀kọ́, láàárín ìjókòó ìdánwò kan tàbí méjì, Ìṣirò kò sì ṣeé yọ kúrò fún ẹni tí ń lọ sí ẹ̀ka sáyẹ́ǹsì tàbí ti owó. Àwọn yunifásítì kan kì í gba ìjókòó méjì fún ìmọ̀ ìṣègùn. Ó yẹ kí òbí béèrè èyí kí a tó san owó fọ́ọ̀mù, nítorí èsì ìdánwò JAMB ọdún kan kò ṣeé fi wọlé ní ọdún kejì.

Níhìn-ín ni ó yẹ kí òbí tẹ́tí sí ọmọ. Bí ọmọ bá wí pé, "Bàbá mi, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú, Físíìsì kò yé mi tó, ṣùgbọ́n mo mọ Ìṣirò, mo sì fẹ́ràn iṣẹ́ owó," kí bàbá má ṣe dáhùn pé, "Ṣé ìwọ ni yóò kọ́ mi ní ohun tí mo fẹ́ nínú ilé mi?" Ọmọ náà kò ṣe àfojúdi. Ìwé èsì rẹ̀ ni ó ń kà fún bàbá rẹ̀. Ọmọ náà ní ojúṣe tirẹ̀: kò tọ́ kí ó yan ẹ̀kọ́ kan nítorí pé ọ̀rẹ́ rẹ̀ yàn án, tàbí nítorí pé ó gbọ́ pé kò le.

Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ bí iṣẹ́ ṣe pọ̀ tó, kí ó wo Ilé Ìwòsàn Ìkọ́ṣẹ́ ti Ìjọba Àpapọ̀ tí ó wà ní Ìdó-Èkìtì. Ọ̀pọ̀ òbí tí ó bá wọ ibẹ̀, dókítà nìkan ni ojú wọn ń rí. Ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì wà níbẹ̀, apòògùn wà níbẹ̀, àwọn tí ń yẹ ẹ̀jẹ̀ àti ìtọ̀ wò wà níbẹ̀, àwọn tí ń ya àwòrán egungun wà níbẹ̀, àwọn tí ń tọ́jú ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ rọ wà níbẹ̀, akọ̀wé àti olùṣírò owó wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ẹ̀kọ́ yunifásítì ni ó gbé ọ̀pọ̀ nínú wọn débẹ̀. Ọmọ tí ọ̀nà ìmọ̀ ìṣègùn bá dí mọ́ lè gba ọ̀kan nínú ọ̀nà wọ̀nyí dé inú ilé ìwòsàn kan náà. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà.

Bákan náà ni ọ̀rọ̀ iṣẹ́ àgbẹ̀ tí a ń kọ́ ní Ìkọ̀lé. Ọ̀pọ̀ òbí ni ó ń bínú bí JAMB bá fún ọmọ wọn ní ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀. Wọ́n a ní àwọn ò rán ọmọ lọ sí yunifásítì kí ó lè wá máa ro oko. Ṣùgbọ́n ohun tí a ń kọ́ níbẹ̀ ni ìmọ̀ ilẹ̀, ìmọ̀ ẹran ọ̀sìn, ìmọ̀ àrùn irúgbìn àti ètò ọjà ohun ọ̀gbìn. Ní Ìkún-Èkìtì, ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Mọ̀bà, oko màlúù tí a ń sìn fún wàrà wà. Irú oko bẹ́ẹ̀ ń fẹ́ ẹni tí ó mọ oúnjẹ ẹran, àìsàn ẹran àti bí a ṣe ń tọ́jú wàrà kí ó má bàjẹ́. Ọmọ tí ó dàgbà sínú oko kòkó àti oko iṣu ní ìmọ̀ ìpìlẹ̀ tí ọmọ Èkó kò ní.

Nígbà tí a bá ti yan ẹ̀kọ́ tán ni ó kan yíyan ilé-ẹ̀kọ́. Ìbéèrè àkọ́kọ́ ni pé: ǹjẹ́ àjọ NUC tí ń bójú tó àwọn yunifásítì ti fọwọ́ sí ẹ̀kọ́ náà? Ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan ni àjọ náà ń yẹ̀ wò, kì í wo ilé-ẹ̀kọ́ lápapọ̀ lásán. Ẹ̀kọ́ tí ó yege pátápátá a gba ìfọwọ́sí ọdún márùn-ún. Èyí tí ó kù díẹ̀ káàtó a gba ti ọdún méjì. Èyí tí kò yege kò gbọdọ̀ gba akẹ́kọ̀ọ́ tuntun. Yunifásítì ńlá lè ní ẹ̀kọ́ kan tí kò yege, yunifásítì kékeré sì lè ní èyí tí ó yege. Fún àwọn iṣẹ́ kan, ìfọwọ́sí kejì tún wà: ti COREN fún ìmọ̀ ẹ̀rọ, ti ìgbìmọ̀ àwọn dókítà fún ìmọ̀ ìṣègùn, ti ìgbìmọ̀ ẹ̀kọ́ òfin fún ẹni tí ó fẹ́ lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ àwọn agbẹjọ́rò.

Ìbéèrè kejì ni ti àyè. Àwọn yunifásítì ìjọba àpapọ̀ ní ìlànà tí wọ́n fi ń pín àyè: ìdá 45 nínú ọgọ́rùn-ún fún àwọn tí máàkì wọn ga jùlọ, ìdá 35 fún àwọn ọmọ agbègbè, ìdá 20 fún àwọn ìpínlẹ̀ tí ẹ̀kọ́ kò tíì gbilẹ̀ nínú wọn. Ọmọ Èkìtì tí ó bá yan Ọ̀yẹ́ ń bẹ nínú agbègbè, èyí sì jẹ́ àǹfààní tí kì í ní bí ó bá kọrí sí ibi tí ó jìnnà.

Ìbéèrè kẹta ni ti owó àti ọdún. Ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn gba ọdún mẹ́fà. Ìmọ̀ ẹ̀rọ, òfin àti iṣẹ́ àgbẹ̀ gba márùn-ún. Ọ̀pọ̀ ẹ̀kọ́ mìíràn gba mẹ́rin. Kí òbí ṣírò owó ilé, oúnjẹ, ìwé àti ọkọ̀ fún gbogbo ọdún wọ̀nyí, kí ó má ṣírò ti ọdún àkọ́kọ́ nìkan. Yunifásítì aládàáni bíi ti Afẹ́ Babalọlá, tí a dá sílẹ̀ ní Adó-Èkìtì ní ọdún 2009, ń gba owó tí ó pọ̀ ju ti ìjọba lọ. Àǹfààní tirẹ̀ ni pé ìyanṣẹ́lódì ẹgbẹ́ ASUU kì í tì í, bí irú èyí tí ó ti ọ̀pọ̀ yunifásítì ìjọba fún oṣù mẹ́jọ ní ọdún 2022. Ẹni tí ó bá yan ti ìjọba, kí ó fi ọkàn sí i pé ọdún mẹ́rin lè di márùn-ún. Ṣùgbọ́n òfin ẹ̀yáwó akẹ́kọ̀ọ́ ti ọdún 2024 ti mú ìrànlọ́wọ́ wá fún àwọn tí ó wà ní ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba: a ń san owó ilé-ẹ̀kọ́ tààrà fún ilé-ẹ̀kọ́ náà, akẹ́kọ̀ọ́ yóò sì san án padà lẹ́yìn tí ó bá ti sin ilẹ̀ bàbá rẹ̀ tí ó sì rí iṣẹ́.

Bí ọmọ kò bá rí àyè ní ọdún àkọ́kọ́, jíjókòó sílé nìkan kọ́ ni ó kù. Ó lè lọ sí Pólí Ìjọba Àpapọ̀ ní Adó-Èkìtì, tàbí kí ó gba ìwé-ẹ̀rí olùkọ́ NCE ní kọ́lẹ́ẹ̀jì olùkọ́ni. Bí ó bá ṣe dáadáa níbẹ̀, ó lè ti ibẹ̀ bọ́ sí ọdún kejì ní yunifásítì. Ọdún tí ì bá fi jókòó ti di ọdún tí ó fi kọ́ṣẹ́.

Nítorí náà, kí òbí àti ọmọ jókòó pọ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, kí wọ́n gbé ìwé èsì sáàárín, kí wọ́n fi ẹnu kò lórí ẹ̀kọ́ méjì tí ọmọ lè ṣe tí ó sì fẹ́ ṣe. Kí wọ́n wádìí ìfọwọ́sí ẹ̀kọ́ náà ní yunifásítì kọ̀ọ̀kan tí ó wà lọ́kàn wọn. Kí wọ́n ṣírò owó rẹ̀ dé ìparí. Lẹ́yìn náà ni kí wọ́n kọ orúkọ ilé-ẹ̀kọ́ sínú fọ́ọ̀mù, ìbáà jẹ́ ti Ọ̀yẹ́ tí ó wà lẹ́bàá ilé, ìbáà sì jẹ́ ti ọ̀nà jíjìn.