Ẹ jẹ́ ká mọ̀: Yíyọ ẹ̀yìn àwòrán kúrò fún sláìdì

Ẹ̀yin olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ Igbókọ̀dá, ẹ ya ọkọ̀ apẹja létí omi, ẹ gbé e sórí sláìdì aláwọ̀ búlúù, ni ojú ọ̀run àti omi ẹ̀yìn rẹ̀ bá tò tẹ̀ lé e bí àpótí. Kò dùn ún wò rárá.

Nínú PowerPoint orí kọ̀ǹpútà, ẹ tẹ àwòrán náà, ẹ lọ sí Picture Format, kí ẹ yan Remove Background. Ibi tó bá di elése àlùkò ni yóò lọ. Àwọ̀n inú ọkọ̀ gan-an ni wàhálà: omi tó hàn láàárín ojú àwọ̀n kì í sábà lọ fúnra rẹ̀. Ẹ fẹ ojú àwòrán, ẹ fi Mark Areas to Remove fà á díẹ̀díẹ̀. Bí omi bá pọ́n bíi pákó ọkọ̀, ẹ kúkú tún fọ́tò míì yà.

Lógò tí ẹ̀yìn rẹ̀ funfun kò le: Set Transparent Color ti tó.

Tí ẹ bá ṣe tán, ẹ tọ́jú rẹ̀ sí PNG, irú fáìlì tó ti wà láti 1996. JPEG kò mọ ohun tó ń jẹ́ ẹ̀yìn tó ṣófo. Àwọ̀ ni yóò fi dí i. Ìdí nìyẹn tí iṣẹ́ yín fi ń bàjẹ́ lórí WhatsApp, tó máa ń sọ fọ́tò di JPEG. Ẹ má fi ránṣẹ́ bíi fọ́tò mọ́, Document ni kí ẹ yàn.