Ahéré Ni Yóò Kẹ́yìn Oko: Ìmọrírì àti Ìtọ́jú Ilé Oko Àtijọ́ ní Ilẹ̀ Yorùbá

Ìfáárà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ahéré ni yóò kẹ́yìn oko, ààtàn ni yóò kẹ́yìn ilé. Òwe yìí ka ahéré sí ẹlẹ́rìí ìkẹyìn: bí àgbẹ̀ bá kórè tán, tí igbó sì bo ebè mọ́lẹ̀, ahéré ni yóò ṣì máa fi hàn pé ènìyàn ti ṣiṣẹ́ níbẹ̀ rí. Òwe mìíràn, ilé ni àbọ̀ ìsinmi oko, gba ọ̀nà mìíràn wò ó. Lójú òwe yìí, ìlú ni ilé. Oko jẹ́ ibi tí à ń lọ tí a sì ń bọ̀. Èrò kejì yìí ló borí nínú ìtọ́jú ohun ìṣẹ̀ǹbáyé, nítorí ààfin, ojúbọ àti ilé pẹ́tẹ́ẹ̀sì ni a máa ń kọ́kọ́ rántí. Àpilẹ̀kọ yìí ṣàlàyé ohun tí ilé oko jẹ́, ohun tó ń pa á run, àti irú ìtọ́jú tó yẹ ẹ́.

Ilé Oko àti Iṣẹ́ Rẹ̀

Ahéré ni ilé kékeré tí àgbẹ̀ ń sùn sí tàbí tí ó ń sá òjò sí. Bí ahéré bá di púpọ̀ lójú kan, a di abà. Bí abà bá gbilẹ̀, a di abúlé. Àká ni ibi ìkó-irè-sí. Lílo àwọn ọ̀rọ̀ yìí a máa yàtọ̀ láti ẹ̀ka-èdè kan sí òmíràn.

Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n ń mọ ògiri. Wọ́n á wa amọ̀ nítòsí, wọ́n á bu omi sí i, wọ́n á fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ kúnná, wọ́n á sì mọ ọ́n ní ìpele-ìpele. Ìpele kan gbọ́dọ̀ gbẹ kí wọ́n tó mọ òmíràn lé e. Ní ilẹ̀ igbó, ewé gbòdògì tàbí imọ̀ ọ̀pẹ ni wọ́n fi ń bo òrùlé. Ní ọ̀dàn, koríko bẹẹrẹ ni. Bẹẹrẹ yìí kan náà ni wọ́n ń kó lọ fún Aláàfin lásìkò ọdún Bẹẹrẹ láti fi tún òrùlé ààfin ṣe. Ààfin àti ahéré jọ pín ìmọ̀ kan náà: ilé alámọ̀ kì í pẹ́ láyé láìjẹ́ pé a ń tún un ṣe.

Nínú ahéré, àjà wà lókè ààrò. Wọ́n á so àgbàdo rọ̀ síbẹ̀, èéfín á sì lé kòkòrò kúrò lára àgbàdo àti òrùlé pọ̀. Orí òpó tàbí òkúta ni àká dúró lé, kí omi àti eku má baà dé ibi irè.

Kòkó fi tirẹ̀ kún un. Ní Agége, níbi tí J. K. Coker àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti dáko kòkó, àwọn alágbàṣe láti ìlú mìíràn kọ́ iṣẹ́ náà, wọ́n sì gbé e lọ sílé. Abà di ibi tí wọ́n ti ń fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bo kòkó fún ọjọ́ mélòó kan kí wọ́n tó sá a. Owó rẹ̀ ló sì mú páànù dé orí ọ̀pọ̀ ahéré. Owó kòkó bákan náà ló kọ́ Ilé Kòkó ní Ìbàdàn, tí wọ́n parí ní 1965. Nígbà tí iná jó ilé náà ní 1985, wọ́n tún un ṣe. Abà tí owó náà ti wá ń wó láìsí ẹni tó kà á.

Ohun Tó Ń Pa Ilé Oko Run

Omi ni ọ̀tá ògiri amọ̀. Bí òrùlé bá bò ó dáadáa, tí ìdí rẹ̀ sì gbẹ, yóò pẹ́ kí ó tó yẹ̀. Bí òrùlé bá ṣí, kò pẹ́ tí yóò fi di àlàpà. Láyé àtijọ́, ọ̀wẹ̀ ni wọ́n fi ń tún òrùlé bò. Nísinsìnyí, àwọn ọ̀dọ́ tí ìbá jẹ́ ọ̀wẹ̀ náà ti wà ní ìgboro.

Àtúnṣe tí kò bójú mu tún wà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ògiri amọ̀. Sìmẹ́ǹtì á sán, omi á gba ibẹ̀ wọlé, kò sì ní rí ọ̀nà jáde bọ̀rọ̀. Amọ̀ inú á máa yọ́ nígbà tí ojú ògiri ṣì ń dán. Ìgboro pẹ̀lú ń gbilẹ̀. Ní Èkó, orúkọ Abúlé Ẹ̀gbá àti Abúlé Ọjà ló ń rántí abúlé; òpópónà àti ilé búlọ́ọ̀kù ló wà níbẹ̀ báyìí.

Irú Ìtọ́jú Tó Yẹ

Òfin 1979 tó dá àjọ tó ń bójú tó ilé ìṣẹ̀ǹbáyé àti ohun ìrántí ní Nàìjíríà sílẹ̀ fàyè gba kíkéde ilé àtijọ́ ní ohun ìrántí orílẹ̀-èdè. UNESCO sì fi Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo sínú àkójọ ogún àgbáyé ní 2005. Pé ilé àgbẹ̀ lè dé irú ipò bẹ́ẹ̀ hàn kedere ní Koutammakou, ilẹ̀ àwọn Batammariba ní àríwá Tógò. Ilé alámọ̀ wọn, tí àká wà lára rẹ̀, wọ àkójọ yìí ní 2004. Wọ́n sì fẹ̀ ẹ́ dé ilẹ̀ Benin ní 2023. Ilé tí ènìyàn ṣì ń gbé ni wọ́n. Àwọn tó ń gbé inú wọn ló ń tún wọn rẹ́.

Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ ni pé àtúnṣe gan-an ni ìtọ́jú. A kò lè sọ fún àgbẹ̀ pé kí ó máa sùn lábẹ́ òrùlé tó ń jò nítorí àṣà. Páànù lórí ògiri amọ̀ àtijọ́ sàn ju ewé gbòdògì tí kò sí ẹni tí yóò pààrọ̀ rẹ̀ lọ, nítorí òrùlé ni ẹ̀mí ògiri. Amọ̀ ni kí a fi tún amọ̀ rẹ́. Ilé tí a ń lò ló ń pẹ́: ahéré tí iṣu tàbí kòkó ṣì wà nínú rẹ̀ kò ní ṣàìrí ẹni tí yóò dí ihò òrùlé rẹ̀. Níwọ̀n bí ilé oko sì ti jẹ́ ogún ẹbí, kò sí ìtọ́jú tó lè fẹsẹ̀ múlẹ̀ láìsí ohùn ẹbí náà.

Fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ èdè àti àṣà, iṣẹ́ àkọ́kọ́ kò gba owó púpọ̀: kí wọ́n wọn ilé, kí wọ́n ya àwòrán rẹ̀, kí wọ́n sì gba orúkọ ẹ̀yà ara rẹ̀ kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ lẹ́nu àwọn àgbà tó mọ bí a ṣe ń kọ́ ọ. Ọ̀rọ̀ tí a ń lò fún ìpele ògiri tàbí fún ìdì koríko lè bá ọ̀mọ̀lé tó mọ̀ ọ́n wọlẹ̀ kí ó tó dé inú ìwé atúmọ̀ èdè.

Ìkádìí

Ayé ti fẹ́ yí òwe àtijọ́ náà po. Igi kòkó ṣì ń so lẹ́bàá ahéré tó ti di àlàpà. Oko ló wá ń kẹ́yìn ahéré. Bí òwe náà yóò bá ṣì máa jẹ́ òtítọ́, ọwọ́ tó ń tún ahéré ṣe ni a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tọ́jú.