Ta ló ń tajà lọ́pọ̀ jù? Bí wọ́n ṣe ń to iye ọjà nípò lórí íntánẹ́ẹ̀tì

Láyé ìjọ́sí, bí ẹnì kan nílùú Ìbàdàn bá fẹ́ mọ ibi tí èlùbọ́ ti pọ̀, ẹsẹ̀ ló máa fi rìn ín. Á yà ní Ọjà'ba, á gba Bẹẹrẹ kọjá, á sì béèrè ní Bẹyẹrúnká kó tó tọwọ́ bọ àpò. Lóde òní, ọ̀pọ̀ oníbàárà, pàápàá àwọn ọ̀dọ́, ló jẹ́ pé fóònù ni wọ́n kọ́kọ́ ń wò. Bí wọ́n bá rí ojú ewé kan tó to àwọn ọlọ́jà láti ipò kìíní dé ìkẹwàá, àwọn tó wà lókè ni wọ́n máa ń pè. Ẹni tó bá wà nísàlẹ̀ á kàn jókòó ti ọjà rẹ̀ ni.

Ìdí nìyí tí irú ojú ewé bẹ́ẹ̀ kò fi yẹ lóhun tí oníṣòwò kékeré ń fojú kéré. Bí wọ́n bá ṣe é dáadáa, ó lè mú oníbàárà láti Bódìjà tàbí Chálẹ́ǹjì wá sí ìsàlẹ̀ Mápó. Bí wọ́n bá sì ṣe é ní kátikàti, ó lè sọ olóòótọ́ di ọ̀wọ́n ọlọ́jà lójú gbogbo ayé. Àwọn àgbà ló kúkú sọ pé òótọ́ dọ́jà, ó kùtà. Owó lọ́wọ́ ni wọ́n ń ra èké.

OHUN TÓ WÀ NÍDÌÍ RẸ̀

Kò sí idán kankan nínú ọ̀rọ̀ náà. Tábìlì ló wà nídìí gbogbo ojú ewé tó ń to nǹkan nípò. Ọdún 1979 ni VisiCalc, tábìlì orí kọ̀ǹpútà àkọ́kọ́ tí àwọn oníṣòwò gbà tọwọ́tẹsẹ̀, jáde lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Excel tẹ̀ lé e lọ́dún 1985, nígbà tí Google gbé tirẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Google Sheets jáde lọ́dún 2006. Ọ̀fẹ́ ni ti Google yìí, ó sì ń ṣiṣẹ́ lórí fóònù.

Òfin méjì ló de tábìlì tó dáa. Àkọ́kọ́ ni pé ìlà kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ jẹ́ ti nǹkan kan ṣoṣo, bíi ṣọ́ọ̀bù kan. Èkejì ni pé òpó kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ gba irú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Òpó kan fún orúkọ ṣọ́ọ̀bù, òmíràn fún àdúgbò, òmíràn fún irú ọjà, òmíràn fún ìwọ̀n, òmíràn fún iye owó, kí ti ọjọ́ tí wọ́n béèrè iye náà sì wà níkẹyìn. Bí gbogbo èyí bá ti wà létòlétò, ìṣẹ́jú kan ni kọ̀ǹpútà máa fi tò wọ́n nípò. Àmọ́ kọ̀ǹpútà kò mọ èlùbọ́ yàtọ̀ sí gàrí. Ohun tí wọ́n bá kọ fún un ló máa tò, ìbáà jẹ́ òótọ́, ìbáà jẹ́ irọ́.

BÍ ÀJỌ NBS ṢE Ń ṢE TIWỌN

Ẹni tó bá fẹ́ rí àpẹẹrẹ rẹ̀ nítòsí, kó wo iṣẹ́ àjọ NBS, ìyẹn àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ìṣirò, èyí tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 2005. Àjọ yìí ti ń gbé ìròyìn jáde lórí iye tí wọ́n ń ta oúnjẹ, gáàsì ìdáná, epo bẹntiróòlù àti owó ọkọ̀ káàkiri ìpínlẹ̀. Nínú ìròyìn náà ni wọ́n ti máa ń sọ ìpínlẹ̀ tí nǹkan ti wọ́n jù àti èyí tó ti pọ̀ jù. Òun làwọn ìwé ìròyìn sì máa ń gbé.

Ohun tó yẹ kí oníṣòwò kọ́ níbẹ̀ ni bí wọ́n ṣe ń ṣàlàyé ara wọn. NBS sọ ọ́ nínú ìròyìn wọn pé gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ 774 tó wà ní Nàìjíríà làwọn ti ń béèrè iye ọjà, lọ́wọ́ àwọn èèyàn tó lé ní 10,000, àti pé iye táwọn èèyàn fi ra ọjà gan-an làwọn ń kọ sílẹ̀. Wọ́n ń sọ oṣù tí wọ́n béèrè, wọ́n sì ń sọ ìwọ̀n tí wọ́n lò. Yàtọ̀ sí èyí, wọ́n ń gbé tábìlì náà fúnra rẹ̀ jáde, kẹ́ni tó bá ń ṣiyèméjì lè tún un ṣírò.

Ṣùgbọ́n ìṣirò ìpínlẹ̀ ní ibi tó mọ. Iye tí wọ́n bá kọ fún Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ kò lè sọ bóyá Ọjà'ba pọ̀ ju Bẹẹrẹ lọ, nítorí ńṣe ni wọ́n pa gbogbo rẹ̀ pọ̀ tí wọ́n sì pín in dọ́gba. Àlàfo yìí gan-an làwọn ọlọ́jà lè fi tábìlì tiwọn dí.

KÓŃGÒ KAN KÒ JỌ KÓŃGÒ KAN

Ibi tó ti le jù rèé fún ọjà Ìbàdàn. Kóńgò ni wọ́n fi ń wọn èlùbọ́, gàrí àti ẹ̀wà. Gbogbo ẹni tó ń ná ọjà ló sì mọ̀ pé kóńgò yàtọ̀ síra. Wọ́n ń tẹ ìdí òmíràn wọnú, ọwọ́ ọlọ́jà kan sì máa ń kó o lé ju ti èkejì lọ.

Ká ní ṣọ́ọ̀bù mẹ́ta ló ń ta èlùbọ́, tí orúkọ wọn ń jẹ́ A, B àti D. Kóńgò A jẹ́ N1,500, ti B jẹ́ N1,400, ti D sì jẹ́ N1,600. Ẹni tó bá fi kóńgò tò wọ́n á gbé B sí ipò kìíní, A á ṣe ìkejì, D á sì gbẹ́yìn.

Wàyí o, wọ́n gbé e lé òṣùwọ̀n. Kóńgò A wọn kílò 1.5, ti B wọn kílò 1.25, ti D sì wọn kílò 1.6. Bí wọ́n bá fi kílò pín owó náà, kílò kan jẹ́ N1,000 lọ́dọ̀ A, ó jẹ́ N1,120 lọ́dọ̀ B, ó sì jẹ́ N1,000 lọ́dọ̀ D. B tó wà lókè tẹ́lẹ̀ ti wá di ẹni tó wọ́n jù. D tí wọ́n pè ní ọlọ́wọ̀ọ́n ti dọ́gba pẹ̀lú A nípò kìíní, B á sì bọ́ sípò kẹta, nítorí pé ẹni méjì ló wà níwájú rẹ̀.

Ká ní kóńgò ni wọ́n fi tò ó jáde ni, àwọn oníbàárà á ti sá fún D láìṣẹ̀ láìrò. Ẹni tó bá fẹ́ to ọjà nípò gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ra òṣùwọ̀n oníkílò.

ÀṢÌṢE MẸ́RIN TÓ Ń DA IPÒ RÚ

Àkọ́kọ́ ni kí wọ́n kọ iye owó bí ọ̀rọ̀. Bí wọ́n bá kọ "náírà 9,000" àti "náírà 10,000" sínú òpó owó, kọ̀ǹpútà lè kà wọ́n sí ọ̀rọ̀ lásán. Á wá to 10,000 ṣáájú 9,000, nítorí pé 1 ló ṣáájú 9. Nọ́ńbà nìkan ni kí wọ́n kọ síbẹ̀.

Èkejì ni òdo. Bí ọjà bá tán nílé, tí akọ̀wé sì kọ 0, ṣọ́ọ̀bù tí kò ní nǹkan kan láti tà ni kọ̀ǹpútà máa gbé sípò ẹni tó ń tajà lọ́pọ̀ jù. Kí wọ́n fi àyè náà sílẹ̀ lófìfo.

Ẹ̀kẹta ni orúkọ. Bí ẹnì kan bá kọ Ọjà'ba, tí òmíràn kọ Ọjà Ọba, tí ẹ̀kẹta kọ Ojaba, ọjà mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lèyí jẹ́ lójú kọ̀ǹpútà. Kí wọ́n fẹnu kò lórí bí wọ́n á ṣe máa kọ orúkọ kọ̀ọ̀kan kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀kẹrin ló burú jù. Bí wọ́n bá to òpó owó nìkan, tí wọn ò mú òpó orúkọ mọ́ ọn, owó oníkálukú á kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ rẹ̀. Ojú ewé náà á gún régé lójú, àmọ́ irọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ohun tó dáa ni pé kí wọ́n tọ́jú tábìlì àkọ́kọ́ síbì kan, kí wọ́n sì máa ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀dà rẹ̀. Lóṣù Kejìlá ọdún 2024, NBS kéde pé àwọn kan ti já wọ ìkànnì wọn. Bó bá lè ṣẹlẹ̀ sí àjọ ìjọba, ta ni kò lè ṣẹlẹ̀ sí?

Ẹ̀KỌ́ LÁRA BÁǸKÌ ÀGBÁYÉ

Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni Báǹkì Àgbáyé fi ń gbé ìwé Doing Business jáde, èyí tó ń to orílẹ̀-èdè 190 nípò lórí bó ṣe rọrùn tó láti ṣòwò níbẹ̀. Nàìjíríà wà nípò 169 nínú ìwé ti ọdún 2017, ó sì gòkè dé ipò 131 nínú ti ọdún 2020. Àmọ́ Èkó àti Kánò nìkan ni wọ́n yẹ̀ wò lórúkọ Nàìjíríà. Èkó ló kó ìdá 77 nínú ọgọ́rùn-ún, Kánò sì kó 23. Oníṣòwò tó wà ní Bẹẹrẹ kò sí nínú ìṣirò náà rárá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé báǹkì náà ṣe ìwé ọ̀tọ̀ lọ́dún 2018 tó kan gbogbo ìpínlẹ̀ Nàìjíríà.

Lẹ́yìn náà ni àṣírí tú pé wọ́n yí àwọn ìṣirò kan tó kan Ṣáínà, Saudi Arabia, United Arab Emirates àti Azerbaijan nínú ìwé ọdún 2018 àti 2020. Lóṣù Kẹsàn-án ọdún 2021, Báǹkì Àgbáyé fòpin sí ìwé náà pátápátá. Bí irọ́ bá lọ fógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo lòótọ́ máa bá a.

GBÍGBÉ E JÁDE

Kò dìgbà tí wọ́n bá gba òṣìṣẹ́ kọ̀ǹpútà. Lórí kọ̀ǹpútà, ẹni tó bá ṣí Google Sheets á tẹ File, á tẹ Share, á sì tẹ Publish to web. Google á fún un ní àdírẹ́sì tó lè fi ránṣẹ́ sáwọn oníbàárà lórí WhatsApp. Bó bá tún iye kan ṣe nínú tábìlì, tìta náà á yí padà láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀.

Kí wọ́n má sì torí pé ó rọrùn kí wọ́n máa tú ọgọ́rùn-ún ojú ewé jáde láti inú tábìlì kan. Láti oṣù Kẹta ọdún 2024 ni Google ti fi í sínú òfin rẹ̀ pé òun lè ti ìkànnì tó ń ṣe ojú ewé rẹpẹtẹ tí kò wúlò fún ẹnikẹ́ni sẹ́yìn. Ojú ewé kan tó ní ọjọ́, ìwọ̀n àti àlàyé lórí rẹ̀ sàn ju ogún tí kò ní láárí lọ.

Ọ̀rọ̀ òfin náà wà níbẹ̀. Nọ́ńbà fóònù oníbàárà tàbí gbèsè tí wọ́n jẹ kò gbọ́dọ̀ sí nínú tábìlì tí wọ́n máa gbé síta, nítorí òfin tó ń dáàbò bo ọ̀rọ̀ àwọn èèyàn, èyí tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú fọwọ́ sí lọ́dún 2023. Bákan náà ni òfin ọdún 2018 tó dá àjọ FCCPC sílẹ̀ kò gbà kí àwọn tó ń bára wọn dù oníbàárà jọ fẹnu kò lórí iye tí wọ́n á máa tajà. Ẹgbẹ́ ọlọ́jà lè kọ iye tí oníkálukú ń tà, àmọ́ wọn ò gbọ́dọ̀ sọ tábìlì náà di àṣẹ pé iye báyìí ni kí gbogbo ayé tà.

Lékè gbogbo rẹ̀, kí wọ́n fi àyè sílẹ̀ fún ẹni tí wọ́n tò sísàlẹ̀ láti ké gbàjarè. Kí nọ́ńbà kan wà lábẹ́ ojú ewé náà tó lè pè, kí wọ́n sì tètè tún un ṣe bí ó bá jàre. Ipò tí wọ́n bá fún ọlọ́jà lónìí lè má tún jẹ́ òótọ́ mọ́ lọ́jọ́ márùn-ún òní, nígbà tí ọjà tuntun bá dé. Ojú ewé tí kò bá ní ọjọ́ lórí, kí oníbàárà má torí rẹ̀ wọkọ̀.